Ọ̀tẹ̀ ni tàbí Rúkèrúdò? Àgbéyẹ̀wò Sinimá Kan tí a Gbé Ka Ìṣẹ̀lẹ̀ Ojú Ayé nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ìpàdé tí àwa olùdánniwò máa ń ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìwé, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin wa. Orí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ni ìbéèrè náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé 'purọ́ mọ́ ìtàn'. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nínú eré, Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé jẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn òpìtàn kọ sílẹ̀ ni pé àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ ni wọ́n pa á ní òru ní 1874, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà ti yọ ọ́ lóyè. Ẹnìkan nínú wa ní òdo ni kí a fún un, nítorí pé ó bú òǹkọ̀wé. Ẹlòmíràn ní kí a fún un ní gbogbo máàkì, nítorí pé ọmọ náà ti kàwé kọjá ohun tí a kọ́ ọ. A jiyàn títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, a kò rí i yanjú. Nígbẹ̀yìn, a fún un ní ìdajì máàkì, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè sọ ìdí tí ó fi jẹ́ ìdajì.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ wá lọ́kàn. Bí òǹkọ̀wé bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé, kí ni gbèsè tí ó jẹ ìṣẹ̀lẹ̀ náà? Kí sì ni àwa tí a ń fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ? Sinimá kan ni a ó fi wá ìdáhùn, a sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un láti òkèèrè. Bí a bá fa ti Ẹfúnṣetán yọ, ọmọ Ìbàdàn yóò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá yóò ní tirẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ yóò ti di ọ̀rọ̀ ìdílé. Nínú èyí tí a fẹ́ sọ yìí, a kò ní mọ̀lẹ́bí kankan.

Orúkọ sinimá náà ni Riot in Cell Block 11. Don Siegel ni ó darí rẹ̀, Richard Collins ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Walter Wanger sì ni ẹni tí ó gbé e jáde ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1954. Àwòrán dúdú-òun-funfun ni, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò tíì túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìtumọ̀ yẹn gan-an wà lára ìṣòro tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jackson

Ìlú kan ni Jackson ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní 1952, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n kà sí èyí tí ó tóbi jù lọ láyé nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a mọ odi yí ká. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 6,000. Búlọ́ọ̀kù 15 ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ sí òfin ọgbà náà sí. A lè pè é ní ẹ̀wọ̀n inú ẹ̀wọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún náà, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ń jẹ́ Jack Hyatt yọ ọ̀bẹ sí wọ́dà kan níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Búlọ́ọ̀kù 15 ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì ti mú àwọn wọ́dà mélòó kan mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ẹlẹ́wọ̀n mìíràn, Earl Ward, ni ó di agbẹnusọ wọn.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n búlọ́ọ̀kù yòókù jáde lọ jẹun, nǹkan dàrú. Wọ́n fọ́ àwo, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n tú yíká àgbàlá, wọ́n sì dáná sun ohun tí ó ṣeé sun. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ó wá fi ìbọn lé wọn padà sínú ìyàrá àhámọ́ wọn, ẹlẹ́wọ̀n kan sì kú. Ní ọjọ́ yẹn náà ni ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n Búlọ́ọ̀kù 15 kò túúbá. Ó di ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù náà, kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn.

Kí ni wọ́n ń béèrè? Ohun 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Lára wọn ni pé kí a tún Búlọ́ọ̀kù 15 ṣe, kí ó má ṣe jẹ́ òǹrorò ni a ó máa yàn sí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́dà, kí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ní àǹfààní kan náà láti rí dókítà eyín, kí a yí ọ̀nà tí a fi ń dá ènìyàn sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ padà, kí a má sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. A rọ olùkọ́ kí ó ka àwọn ohun wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé kí a ṣílẹ̀kùn kí wọ́n máa lọ sí ilé. Àwọn tí ó fi ọ̀bẹ sí ọrùn wọ́dà ń béèrè fún ìtọ́jú eyín.

Ẹni tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní ipò ìjọba ni Vernon Fox, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ọ̀gá ọgbà náà. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà, G. Mennen Williams, gbà sí ohun tí wọ́n béèrè, wọ́n sì se oúnjẹ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ kí wọ́n tó jáde: ẹran sísun, pẹ̀lú áísìkirimù. Fox wá gba orí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó yin Ward àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún òtítọ́ inú tí wọ́n fi dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kó bá a. Àwọn ará ìlú tí ń ka ìwé ìròyìn kò lè fara mọ́ ọn pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń kí àwọn tí ó gbé ènìyàn mọ́lẹ̀ kú oríire. Fox fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọ̀ràn ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Florida.

Jackson nìkan kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Trenton àti ní Rahway, ní ìpínlẹ̀ New Jersey.

Bí wọ́n ṣe ṣe sinimá náà

Kì í ṣe inú ìwé ìròyìn nìkan ni Walter Wanger ti mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kejìlá 1951, ó yìnbọn fún ọkùnrin kan ní ìlú Los Angeles nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kú, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin fún Wanger. Ní 1952 tí Jackson gbaná, òun náà ṣe ẹ̀wọ̀n. Òótọ́ ni pé oko ọba tí kò le púpọ̀ ni wọ́n mú un lọ, kì í ṣe irú Búlọ́ọ̀kù 15. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ rí ohun tí etí ẹlòmíràn ń gbọ́, ó sì jáde wá pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò fi sinimá sọ ọ́. Kò dúró lórí èyí nìkan. Ní 1958 ó tún gbé I Want to Live! jáde, lórí obìnrin kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní California.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti ya Riot in Cell Block 11, nínú búlọ́ọ̀kù kan tí wọn kò lò mọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Folsom gan-an ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ó rí tí wọ́n ń pariwo tí wọ́n sì ń fọ́ nǹkan, àwọn wọ́dà Folsom náà sì wà nínú rẹ̀. Leo Gordon, tí ó ṣe Carnie, ti ṣe ẹ̀wọ̀n rí nítorí ìdigunjalè kí ó tó di òṣèré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń rán ní iṣẹ́ kéékèèké níbẹ̀ ni Sam Peckinpah, tí òun náà di gbajúmọ̀ olùdarí sinimá lẹ́yìn náà. Wọ́n sọ pé ọ̀gá ọgbà Folsom kò fẹ́ gba àwọn onísinimá láyè rárá, àfi ìgbà tí ó gbọ́ orúkọ bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, nítorí pé adájọ́ tí ó mọ̀ dáadáa wà nínú ìdílé náà. Ọ̀rọ̀ 'ọmọ ta ni ọ́' kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

Ìtàn inú rẹ̀ lọ báyìí. Ẹlẹ́wọ̀n kan, James Dunn, tí Neville Brand ṣe, tan wọ́dà tuntun kan nínú Búlọ́ọ̀kù 11, ibi tí wọ́n ń ti àwọn olóríkunkun mọ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì mú àwọn wọ́dà mọ́lẹ̀. Dunn ní kí wọ́n pe àwọn oníròyìn wá. Ó sọ fún wọn pé ènìyàn ti kún ọgbà náà jù, pé wọ́n kó àwọn tí orí wọn dàrú mọ́ àwọn tí orí wọn pé, pé wọn kò rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́, pé àwọn wọ́dà kan rorò, àti pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ológun àtijọ́ tí ó mọ̀wé, ni ó bá wọn kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà òmìnira. Carnie, ní tirẹ̀, kò rí ìwúlò ìwé kíkọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá. Ọ̀gá ọgbà, Reynolds, tí Emile Meyer ṣe, fẹ́ gbọ́ tiwọn. Kọmíṣánnà Haskell, tí ìjọba rán wá, kò fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ẹnìkan ju ọ̀bẹ lu Haskell, àwọn búlọ́ọ̀kù yòókù náà dìde, ọlọ́pàá sì wọlé. Nígbẹ̀yìn gómìnà fọwọ́ sí ìwé náà, ìwé ìròyìn gbé e jáde, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì tú àwọn wọ́dà sílẹ̀.

Ibẹ̀ kọ́ ni sinimá náà parí sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Reynolds ránṣẹ́ pe Dunn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fagi lé ohun tí gómìnà fọwọ́ sí. Dunn yóò jẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ọlọ̀tẹ̀ àti ẹni tí ó gbé ènìyàn mọ́lẹ̀; ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú lọ sí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí aráyé. Ohun tí Dunn gbọ́ nìyẹn kí wọ́n tó mú un padà sínú àhámọ́. Lójú tiwa, ibi tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyí. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìwà jù yóò ti mú kí Dunn kú, tàbí kí ó borí pátápátá. Àwọn àgbà tí ó ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́ kò bá a yà wọ́n lẹ́nu.

Ohun tí a yí padà

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ kíláàsì yóò rí ni pé 15 ti di 11, àti pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Jackson. Èyí kò ṣòro fún wa láti lóye. Nígbà tí Hubert Ogunde ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, kò dárúkọ olóṣèlú kankan. Ọba kan ni ó fi síbẹ̀, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ tí ó sì bá ara rẹ̀ nínú túbú. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn tí kò mọ ẹni tí à ń sọ, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pàápàá sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà. Bí a bá fi orúkọ pa mọ́, kì í ṣe pé a fi ọ̀rọ̀ pa mọ́.

Ìyípadà tí ó jinlẹ̀ jù ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè rí, nítorí pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ni. Vernon Fox kò sí nínú sinimá yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó yìn wọ́n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ti pòórá. Ibo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ? Ẹnu Reynolds ni ó lọ. Ọ̀gá ọgbà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ pé ohun tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń béèrè ni òun náà ti ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba fún ọdún púpọ̀, tí wọn kò dá òun lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí èyí ṣe. Bí Fox bá wà níbẹ̀, òǹwòran yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, 'Ṣé ọkùnrin yìí kò ti fẹ́ràn wọn jù?' Ohun tí àwọn ará Michigan béèrè gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ti tàn án. Ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá lágbára sí i. Owó tí wọ́n san fún un ni pé ìtàn Fox sọnù: ìtàn bí ìjọba ṣe lè jẹ ènìyàn níyà nítorí pé ó sọ òótọ́ ní àkókò tí kò yẹ. Ẹ̀kọ́ kan wọlé, ẹ̀kọ́ kan jáde. A kò lè sọ pé èyí ni irọ́, a kò sì lè sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Haskell ni ó ru gbogbo ẹ̀bi. Ibí yìí ni ọwọ́ òǹkọ̀wé ti fúyẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ènìyàn kún inú rẹ̀ jù kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kọmíṣánnà kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ le. Àwọn aṣòfin tí kò fẹ́ náwó ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn olùdìbò tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n sì ń bẹ nínú rẹ̀. Sinimá náà mọ èyí, nítorí pé àwọn aṣòfin ni ó fagi lé ìwé náà ní ìparí, ṣùgbọ́n a kò rí ojú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ìròyìn gidi ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ti àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó ti gbaná káàkiri Amẹ́ríkà, ohùn kan sì ń ṣàlàyé bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Lẹ́yìn náà ni a wọ inú Folsom, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gidi ń rìn níwájú wa. Ọgbọ́n tí ó dára ni. Ọgbọ́n tí ó léwu fún akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni, nítorí pé yóò gbàgbé pé ẹnìkan jókòó kọ ọ̀rọ̀ sí Dunn lẹ́nu. Òótọ́ ibùdó-ìtàn yàtọ̀ sí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ògiri Folsom kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ògiri kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Orúkọ wo ni a ó pè é?

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè nìyí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà nínú àkọlé sinimá yìí ni wọ́n fi ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Búlọ́ọ̀kù 15 àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé oúnjẹ. Yorùbá kò gbà fún wa láti ṣe bẹ́ẹ̀. Rúkèrúdò kì í ní olórí. Bí eruku ni ó ń ṣe. A kì í mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹsẹ̀ bọlẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń ní olórí, ó máa ń ní àpérò, ó máa ń mọ ẹni tí òun dojú kọ. À ń di ọ̀tẹ̀. Kò sí ẹni tí ń di rúkèrúdò. Nítorí náà, ọ̀tẹ̀ ni ti Earl Ward, rúkèrúdò ni ti ilé oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fi ojú yìí wo sinimá náà yóò rí i pé gbogbo ìjà tí ó wà láàrin Dunn àti Carnie ni pé Dunn ń sapá kí ọ̀tẹ̀ rẹ̀ má di rúkèrúdò, Carnie sì ń fà á lọ sí ibẹ̀. A kò tíì rí ìlàjà tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ fún ahunpọ̀-ìtàn yìí, inú èdè wa ni ó sì ti wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ojú ààfin ni ó fi ń wo nǹkan. Ẹni tí a bá pè ní ọlọ̀tẹ̀, a ti dá a lẹ́bi díẹ̀ kí a tó gbọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí. Nígbà tí wọ́n dìde sí owó orí ní 1968 sí 1969, wọn kò pe ara wọn ní ọlọ̀tẹ̀. Agbẹ́kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn: àgbẹ̀ tí ó kọ ìyà. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn ní 1969, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, orúkọ wọn kò sì yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú Dunn túmọ̀ àkọlé sinimá yìí lè pè é ní 'Akọ̀yà Búlọ́ọ̀kù 11'. Ọ̀kan nínú wa fara mọ́ èyí gidigidi. Ní tiwa, 'Ọ̀tẹ̀ ní Búlọ́ọ̀kù 11' ni a yàn, nítorí pé Dunn náà mọ̀ pé ọ̀tẹ̀ ni òun ń dì, kò sì sá fún orúkọ náà. A kò ní bínú sí ẹni tí ó bá yan èkejì, bí ó bá ti lè sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yan rúkèrúdò ni yóò ní ẹjọ́ láti rò.

Irú ìṣọ́ra kan náà yẹ kí ó wà láàrin ẹlẹ́wọ̀n àti ọ̀daràn. Ẹlẹ́wọ̀n sọ ibi tí ènìyàn wà. Ọ̀daràn sọ ohun tí ó ṣe. Nínú kíláàsì kan tí a fi ìtàn yìí dánrawò, gbogbo ọmọ ni ó kọ 'àwọn ọ̀daràn náà' láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò kọ nǹkankan. Ẹ̀yìn ìgbà tí kíláàsì tú ni a tó mọ̀ pé bàbá ọmọ náà wà ní àtìmọ́lé láti nǹkan bí ọdún méjì, tí adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni a kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Fún irú wọn, ọ̀daràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe àpọ́nlé gbólóhùn. Irọ́ ni, títí di ìgbà tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé àwọn ọmọ, tí a sì ń kọ 'Ta ni ó dá ẹjọ́ rẹ̀?' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lórí tábìlì olùdánniwò

Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ lórí irú iṣẹ́ báyìí ni 'Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí òǹkọ̀wé sọ?' A gbà pé ìbéèrè yìí ni ó bí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dáhùn ohun tí a ti ń bi í láti ọdún pípẹ́. Bí a bá yí ìbéèrè padà sí 'Mú ohun kan tí òǹkọ̀wé yí padà nínú ìtàn, kí o sì sọ ohun tí ìyípadà náà ṣe fún ẹ̀dá-ìtàn kan', kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe dúró lórí 'ó purọ́'. Yóò ní láti sọ pé Ẹfúnṣetán tí àwọn ẹrú pa ní òru jẹ́ ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbé májèlé jẹ fúnra rẹ̀ kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ìtàn kan náà ni, ẹ̀dá-ìtàn ti di méjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Fox àti Reynolds gan-an nìyẹn.

Kí a tó lè béèrè bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ní láti fún ọmọ ní ìtàn gidi náà, ó kéré tán ojú ìwé kan. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe èyí. A ń ka eré nìkan, a ó wá fi ìtàn bọ ìbéèrè ìdánwò, a ó sì máa yà lẹ́nu pé ọmọ ń ha ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún ni máàkì tí a ń fún 'ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́'. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìtàn bí ti Jackson, tí ó sì kọ pé ẹ̀kọ́ tí òun rí kọ́ ni pé jàgídíjàgan kò dára, ìwé ìdáhùn wa yóò fún un ní máàkì rẹ̀ láìjanpata. Bẹ́ẹ̀ ó lè kọ gbólóhùn yẹn láì tíì wo sinimá náà rárá.

Ní ti ìwé ọjọ́ náà, bí a bá tún gbé e síwájú wa lónìí, máàkì 10 ni ó wà fún ìbéèrè náà, a ó sì fún un ní 4: méjì nítorí pé ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1874, méjì nítorí pé ó rí i pé ti inú eré yàtọ̀ sí i. Mẹ́fà tí ó kù wà fún ohun tí a kò bi í.